Ọpọlọ Tuntun Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

 Ẹ fa àga yín sún mọ́ ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì mi ní Òkè-Afá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní ìbéèrè kan." Mo ní kí ó sọ ọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà Tókùnbọ̀ tí bàbá òun rà fún àwọn ọmọ ti ń falẹ̀ bí ìgbín. Bí wọ́n bá tàn án, ẹ̀wà lè jinná lórí iná kí ó tó ṣetán. Bàbá òun ti sọ pé bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, òun yóò tà á fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin àlòkù. Ọmọ náà wá ní, "Sà, ṣé a kò lè pààrọ̀ ohun tó ń falẹ̀ nínú rẹ̀ nìkan, kí a fi ìyókù sílẹ̀?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti wọ ilé àwọn ènìyàn ni wọ́n ti ń béèrè ohun tí ọmọ yìí béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ ti gbé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dé kóòtù. Ó ti di oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ìkẹjà. Ó sì ti jẹ èmi gan-an lówó rí, gẹ́gẹ́ bí ẹ óò ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí ẹ bá ṣí ikùn kọ̀ǹpútà, ẹ óò rí pátákó ńlá kan tí a tẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára. Lórí pátákó yìí ni ohun pẹlẹbẹ kan wà tí kò tóbi ju bisikíìtì lọ. Òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pùròsẹ́sọ̀. Èmi yóò máa pè é ní ọpọlọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gba àṣẹ kan, kí ó ṣe é, kí ó sì gba òmíràn. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe é lọ́nà tó yára ju ìṣẹ́jú lọ. Ẹ rò ó bí oníjó tí onílù ń lù fún: bí ìlù bá ṣe ń dún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlù náà ń dún ní ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ọpọlọ yìí ní àwọn ẹsẹ̀ irin wẹ́wẹ́ tí ó fi ń wọ inú ihò tí a ṣe fún un lórí pátákó, èyí tí à ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí a bá fẹ́ yọ ti àtijọ́ kí a fi tuntun sí i, ohun méjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ fi ojú inú wo télọ̀ kan tí ó fẹ́ gba ìsọ̀ lọ́wọ́ télọ̀ àgbà. Èkíní, ó gbọ́dọ̀ lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó bá níbẹ̀. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè àwọn oníbàárà. Bí ó bá gbọ́ èdè wọn tí kò sì lè jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, kò sí iṣẹ́. Bí ó bá lè jókòó tí kò sì gbọ́ èdè, aṣọ yóò bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà: ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ihò, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń gbọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn. Ní ọdún 1971 ni ilé-iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé ọpọlọ kan jáde tí gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n pè é ní 4004. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ṣe é ni Federico Faggin, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ní ọdún 1974 Intel tún ṣe òmíràn tí wọ́n pè ní 8080. Lẹ́yìn èyí ni Faggin gba òmìnira ara rẹ̀, bí ọmọ iṣẹ́ ti máa ń gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó dá ilé-iṣẹ́ Zilog sílẹ̀, ó sì gbé Z80 jáde ní ọdún 1976. Z80 gbọ́ gbogbo èdè tí 8080 ń gbọ́, ó sì tún mọ ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ ihò ti 8080, ṣùgbọ́n ó ti fi ohun kan han aráyé: pé ẹlòmíràn lè ṣe ọpọlọ tí yóò gbọ́ èdè ọpọlọ ẹni àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde fún ilé àti ọ́fíìsì. Ọpọlọ Intel 8088 ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ 40 ni ó ní, 20 lápá ọ̀tún, 20 lápá òsì, bí ọ̀kùn. Ìlù rẹ̀ ń dún ní ìgbà mílíọ̀nù 4.77 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n IBM jẹ́ oníṣòwò ọlọ́gbọ́n. Wọn kò fẹ́ kí gbogbo ọjà wọn wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, nítorí bí iná bá jó ilé-iṣẹ́ ẹni náà, ọjà tiwọn náà ti jó nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí ẹlòmíràn máa ṣe ọpọlọ yìí pẹ̀lú. Báyìí ni ilé-iṣẹ́ AMD ṣe bá Intel mulẹ̀ ní ọdún 1982 láti máa ṣe irú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ NEC ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé ọpọlọ kan jáde tí wọ́n pè ní V20. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 40 gẹ́lẹ́ bíi ti 8088. Ó gbọ́ gbogbo èdè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà IBM lè fi irin pẹlẹbẹ yọ 8088, kí ó fi V20 sí ihò kan náà, kí ó sì tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ìlù kò yí padà, ṣùgbọ́n ọpọlọ tuntun yìí ń fi ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ parí iṣẹ́ tí ti àtijọ́ ń fi ọ̀pọ̀ ìṣísẹ̀ ṣe. Kò sọ kọ̀ǹpútà di ẹyẹ àwòdì, ṣùgbọ́n ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ǹjẹ́ inú Intel dùn? Rárá o. Wọ́n ní NEC jí ohun tí àwọn kọ sínú ọpọlọ àwọn kọ. Ẹjọ́ náà fà títí di ọdún 1989. Adájọ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé òótọ́ ni pé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ohun ìní ẹni bí ìwé tí ènìyàn kọ, ṣùgbọ́n NEC kò jí i. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: bí ẹni méjì bá ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kan náà, dídùn ọbẹ̀ wọn lè jọra láìjẹ́ pé ọ̀kan yọjú wo ìkòkò èkejì.

AMD náà kò dákẹ́. Nígbà tí Intel ṣe èyí tí wọ́n pè ní 386 ní ọdún 1985, wọn kò fẹ́ kí AMD ṣe irú rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ara wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1991 ni AMD gbé 386 tirẹ̀ jáde, ìlù rẹ̀ sì dé mílíọ̀nù 40 nígbà tí ti Intel dúró sí mílíọ̀nù 33. Ní ọdún kan náà adájọ́ tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ nọ́ńbà di orúkọ tirẹ̀ nìkan. Ìdí nìyí tí Intel kò fi pe èyí tí ó jáde ní ọdún 1993 ní 586, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Pentium. Ẹ̀yin tí ẹ rí orúkọ yìí lára kọ̀ǹpútà, ẹ ti mọ ibi tí ó ti wá báyìí.

Láàárín àsìkò yìí ni pípààrọ̀ ọpọlọ di òwò gidi. Ilé-iṣẹ́ Cyrix ṣe èyí tí ó ń wọ ihò 386 tí ó sì ń ṣiṣẹ́ bí 486. Intel fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta èyí tí ó pè ní OverDrive ní ọdún 1992, fún àwọn tó ní 486. Ní ọdún 1995 AMD ṣe 5x86, tí ń wọ ihò 486, tí ó ń gba ìlù mílíọ̀nù 33 tó bá lórí pátákó, tí ó sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin nínú ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe pátákó náà tún wá ọgbọ́n dá sí ihò: wọ́n fi ọwọ́ irin kékeré kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá gbé ọwọ́ náà sókè, ọpọlọ yóò tú sílẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, yóò há. Ọmọdé lè ṣe é.

Kí n tó bọ́ sí Èkó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì kan bíi tiwa. Ní ọdún 1981, BBC ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kọ́ àwọn ará ìlú wọn ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Acorn ní Cambridge láti ṣe èyí tí wọn yóò fi máa kọ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lo kọ̀ǹpútà náà. Àwọn tó ṣe é fi ojú ọ̀nà kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí a lè gbà so ọpọlọ kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Ojú ọ̀nà yìí ni àwọn ará Acorn fúnra wọn lò nígbà tí Sophie Wilson àti Steve Furber ń ṣe ọpọlọ tuntun kan tí wọ́n pè ní ARM. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1985, wọ́n so ARM àkọ́kọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà BBC, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yọ fóònù inú àpò bàbá yín wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé irú-ọmọ ARM ni ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni wọ́n ti gbé ọpọlọ tuntun dìde tó fi kárí ayé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ní ọdún 1963 ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, nítorí iṣẹ́ ìkànìyàn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ìgbà náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé sílé. Odidi yàrá ni ó ń gbà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ilé wá dé, owó wa ló dí wa lọ́nà. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986 ni ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà, náírà sì já wálẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1999, dọ́là kan ti lé ní 90 náírà. Olùkọ́ tí ń gba owó oṣù kò lè ra kọ̀ǹpútà tuntun mọ́, àfi kí ó ra àlòkù tí ó ti òkè òkun bọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí a sọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Tókùnbọ̀ ni à ń pe ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí ó ti òkun padà wálé. A fi orúkọ ọmọ sọ ọkọ̀, fìríìjì àti kọ̀ǹpútà. Mo máa ń rò pé orúkọ náà fi inú rere hàn. Òyìnbó ti lò ó, ó ti sú u, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, a gbà á bí ọmọ.

Ní òpin àwọn ọdún 1990, òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, tí ó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí kún fún àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tún un ṣe. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi ń pe ibẹ̀ ní Computer Village. Láti Òkè-Afá, a ó wọ dánfó dé Òṣòdì, a ó tún wọ òmíràn lọ sí Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń jókòó lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú tábìlì kékeré kan, skrudíráfà àti búrọ́ọ̀ṣì. Púpọ̀ nínú wọn kò kọ́ ọ ní yunifásítì. Wọ́n kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá, bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Èmi náà lọ síbẹ̀ ní ọdún 2001, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mo ní Pentium àlòkù kan, ìlù rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 133. Mo ti gbọ́ pé AMD ní ọpọlọ kan tí à ń pè ní K6-2, tí ó jáde ní ọdún 1998, tí ó sì ń wọ irú ihò tí Pentium mi ń lò. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kó owó rẹ̀ jọ. Mo rà á, mo gbé e fún oníṣẹ́ kan. Ó gbé ọwọ́ irin sókè, ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Kò ka ìwé, kò béèrè ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà tàn, inú mi dùn. Nígbà tí mo gbé e délé, kò pé wákàtí kan tí òórùn burúkú fi bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú rẹ̀. Ọpọlọ ti jó. Mo padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ náà, ó ní èmi ni mo ra ayédèrú.

Kì í ṣe ayédèrú. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ohun méjì gbọ́dọ̀ bára mu, ẹsẹ̀ àti èdè. Ẹ̀kẹta wà tí èmi kò mọ̀ nígbà náà: oúnjẹ. Fóòtì 3.3 ni Pentium mi ń jẹ. Ọpọlọ K6-2 kò gbọdọ̀ jẹ ju 2.2 lọ nínú ikùn rẹ̀. Ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ṣùgbọ́n a ń fi oúnjẹ àgbà bọ́ ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe ọpọlọ tuntun, ohun inú rẹ̀ túbọ̀ ń kéré sí i. Bí ó sì ti ń kéré ni iná tí ó lè gbà ń dínkù. Lórí pátákó, àwọn irin wẹ́wẹ́ kan wà tí à ń fi ìdérí kékeré so pọ̀ ní méjì-méjì. Jọ́ńpà ni wọ́n ń pè é. Òun la fi ń sọ fún pátákó pé iná tó báyìí ni kí ó fún ọpọlọ. Oníṣẹ́ mi kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo tún rí owó díẹ̀ kó jọ, mo bá ọmọkùnrin kan pàdé tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ó béèrè ni pé, "Bùrọ̀dá, ìwé pátákó yìí ńkọ́?" Mo ní kò sí. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ara pátákó, ó rí i pé wọ́n kọ iye iná sí ẹ̀gbẹ́ àwọn jọ́ńpà náà ní lẹ́tà wínníwínní. Ó yí i sí 2.2 kí ó tó fi ọpọlọ sí i. Ó fi ọ̀dà funfun tín-ín-rín pa ẹ̀yìn ọpọlọ, ó gbé irin tí ń fa ooru lé e, ó sì de fáànù mọ́ ọn.

Mo wá bi í pé, "Jọ́ńpà ìlù ńkọ́? Ìwọ kò fọwọ́ kàn án." Ó rẹ́rìn-ín. Pátákó mi ń lu ìlù mílíọ̀nù 66, jọ́ńpà sì ń sọ fún ọpọlọ pé kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí Pentium mi ṣe di 133 nìyẹn. Ṣùgbọ́n pátákó àtijọ́ kò ní àmì fún ìlọ́po mẹ́fà rárá, nítorí nígbà tí wọ́n ṣe é, kò sí ọpọlọ tí ó lè gbà á. Nítorí náà àwọn ará AMD ṣe K6-2 náà tó fi jẹ́ pé bí pátákó bá sọ fún un pé "méjì," òun yóò gbọ́ "mẹ́fà." Ìlọ́po mẹ́fà 66 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 400. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé èyí ṣàjèjì sí wa? A kọ igba, igbá àti ìgbà pẹ̀lú lẹ́tà kan náà. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ló mọ èyí tí à ń sọ. Ó tan ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ kọ 400. Ọdún mẹ́rin ni mo tún fi lo kọ̀ǹpútà yẹn, lórí rẹ̀ ni mo sì ti kọ ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àbùkù ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Èkíní, àwọn ẹlẹ́tàn wà. Ní àwọn ọdún 1990, láwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀, àwọn kan ń ha orúkọ tó wà lẹ́yìn ọpọlọ kúrò, wọ́n ń kọ nọ́ńbà tó ga ju ti rẹ̀ lọ sí i, wọ́n sì ń tà á ní owó ńlá. Kì í ṣe ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ nìkan ni kí a gbà. Èkejì, ọpọlọ nìkan kọ́ ni kọ̀ǹpútà. Bí a gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù sínú ọkọ̀ kékeré, ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò kò ní jẹ́ kí ó sáré. Bí ibi ìrántí inú ẹ̀rọ bá kéré, tàbí tí ibi ìkóǹkanpamọ́ rẹ̀ bá ń falẹ̀, ọpọlọ tuntun yóò kàn máa dúró de wọn ni.

Ẹ̀kẹta, ayé ti ń ti ilẹ̀kùn náà. Láti ọdún 1997 tí Intel ti fi irú ihò mìíràn sí Pentium II, àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì ò lo ihò kan náà mọ́. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọ́n ti jó ọpọlọ mọ́ pátákó. Kò sí ọwọ́ irin tí a lè gbé sókè. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn náà kò tíì tì tán. Ihò AM4 tí AMD gbé jáde ní ọdún 2016 gba oríṣiríṣi ọpọlọ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ra èyí àkọ́kọ́ nínú Ryzen ní ọdún 2017 lè fi èyí tó jáde ní ọdún 2020 sí ihò kan náà, bí ó bá ti kọ́kọ́ tún àkọsílẹ̀ BIOS inú pátákó rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin ará, èé ṣe tí mo fi pe ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rọ̀ pàtàkì? Nítorí ohun tí à ń jù nù ni. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó, wọ́n sì kọ ìròyìn kan. Wọ́n ní bí 500 kóńtẹ́nà ẹrù àlòkù oníná ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn oníṣòwò wa sọ fún wọn pé èyí tí kò ṣeé tún ṣe nínú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní ọdún 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún dúró ní èbúté wa láti kà á. Wọ́n rí i pé bí 60,000 tọ́ọ̀nù ló ń wọlé lọ́dún, àti pé ó kéré tán, ìdá 19 nínú 100 kò ṣiṣẹ́ rárá. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2011 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣọ́ ààtàn.

Òjé wà nínú àwọn pátákó wọ̀nyí, àti nínú dígí tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà oníkùn ńlá ti àtijọ́. Bí àwọn ọmọ bá dáná sun wáyà láti yọ kọ́pà inú rẹ̀, èéfín rẹ̀ májèlé ni. Bí òjò bá rọ̀ sórí ààtàn, òjé a máa wọ ilẹ̀, a sì máa wọ omi. Ní Òkè-Afá tí omi wà lẹ́bàá ilé wa, a mọ̀ pé ohun tí a bá jù sílẹ̀ ní òkè kì í pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ará ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tuntun kan sì tún ti dé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró fún ọ̀pọ̀ aráyé. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ wọn jáde ṣáájú ọdún 2017. Ẹ̀rọ tí kò ní àrùn kankan ni òyìnbó yóò máa kó jù nù báyìí, ọ̀dọ̀ wa sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bọ́ sí. Ẹ má fi owó ra wàhálà. Kí ẹ tó san owó Tókùnbọ̀, ẹ béèrè orúkọ ọpọlọ inú rẹ̀ àti ọdún tí ó jáde. Ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín.

Kí ni mo wá sọ fún ọmọ tó bi mí léèrè? Mo ní kí ó mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. A jọ ṣí ẹ̀rọ náà. Ọpọlọ inú rẹ̀ ṣeé yọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń falẹ̀. Ibi ìkóǹkanpamọ́ rẹ̀ ló ti darúgbó, ibi ìrántí rẹ̀ sì kéré. Mo bẹ bàbá náà pé kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ méjì yìí. Bí kò bá tó, kí a tó wá ọpọlọ tí ẹsẹ̀, èdè àti oúnjẹ rẹ̀ bá pátákó mu. Bàbá náà ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ta á fún ọlọ́mọlanke." Ọmọ náà ń fi ọtí àti òwú nu eruku ara fáànù, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní ohun tí ó lè kọ́ wa tí tuntun kò ní: ó jẹ́ kí a ṣí ikùn rẹ̀ wò. Ẹ yọ ọwọ́ iná kí ẹ tó ṣí i. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó kí ẹ tó fọwọ́ kan jọ́ńpà. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún lábẹ́ agbòòrùn, nítorí ọgbọ́n kì í tán lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ó tó gẹ́ẹ́ fún ti òní. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún gbọ́ ohùn ara wa láyọ̀. Ó dàárọ̀ o.